Ọ̀rọ̀ Tí Ògbufọ̀ Yàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fà á lánàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fà á ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìkànìyàn máa bi àwọn èèyàn bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n, àbí kí wọ́n má bi wọ́n? Háà! Ìbéèrè tí kò ju ìlà kan lọ, òun ló wá di ohun tí àgbàlagbà ń tìtorí ẹ̀ gbá tábìlì. Yàrá ìpàdé náà kò ní ju fèrèsé kan lọ, fèrèsé ọ̀hún kò sì ṣeé ṣí, torí pé ẹni tó kun ibẹ̀ lọ́dà ti kùn ún mọ́ igi rẹ̀ pátápátá. Ooru mú, tíì ti tutù, àga tí Ògbufọ̀ jókòó lé sì ní ẹsẹ̀ kan tó kúrú, tó fi jẹ́ pé bó bá mí báyìí, àga náà á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sápá kan.

Ògbufọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́ yìí, torí ohun tí wọ́n gbà á fún nìyẹn: kó máa sọ ohun tí ìjọba kọ di èdè wa, kí àwọn èèyàn wa tó kún àdúgbò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. Ìwé ìlànà odindi ló ti túmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí àríyànjiyàn yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan yìí ló kù. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ojú ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ìjókòó ìpàdé sì ti sú u dé góńgó.

"Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn," ni Oníṣirò wí. Obìnrin yìí kéré sí Ògbufọ̀ lọ́jọ́ orí, òun ni wọ́n gbé nọ́ńbà gbogbo lé lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì ti há láti ìjẹta. "Ilé tí kò bá ṣílẹ̀kùn, a ò lè kà á. Iye orí tí a bá kà ni wọ́n fi ń pín nọ́ọ̀sì, òun ni wọ́n fi ń pín bọ́ọ̀sì. Tí àdúgbò kan bá kéré lójú ìwé, ohun tó máa kàn án náà á kéré. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọ̀gá, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni."

"Orílẹ̀-èdè tí kò bá mọ iye ọmọ tó bí, irú orílẹ̀-èdè wo nìyẹn?" Ọ̀gá nu ojú rẹ̀. "Àwọn tó wà lókè ti ní ká bi wọ́n. A máa bi wọ́n. Kò sí wàhálà."

Ohun tí ọkùnrin yìí máa ń sọ nìyẹn. Bí òrùlé bá ń já lé e lórí, kò sí wàhálà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: Ọ̀gá Kò-sí-Wàhálà. Oníṣirò tún gbá tábìlì, Ọ̀gá náà gbá tiẹ̀, ife tíì fò sókè. Wọ́n dákẹ́ nígbà tó rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe pé ẹnì kan borí ẹnì kejì.

Ọ̀gá wá kọjú sí Ògbufọ̀. "Màdámù Ògbufọ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kí lẹ máa ń pè é lédè yín? Wọ́n ń dúró dè mí níbi ìtẹ̀wé."

Ṣé ọ̀rọ̀ wọ́n ni? Ọ̀rọ̀ kún ikùn Ògbufọ̀, ṣùgbọ́n èwo ni kó mú? Àjèjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa pè ní àjèjì lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ tí kò ní gbá ilẹ̀kùn dé? Ó ro ọmọ ìlú ibòmíràn. Ìyẹn náà kò bọ́ sí i. Ká má tan ara wa, bí o bá bi èèyàn wa kan pé níbo ni ìlú ẹ̀, ìlú bàbá bàbá ẹ̀ ló máa dárúkọ fún ọ, kódà bó jẹ́ ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì títì ni wọ́n ti gbẹ̀bí ẹ̀. Ẹni tó níwèé ìgbélùú àti ẹni tí kò níwèé máa dàpọ̀ mọ́ra wọn.

"Àlejò," ni ó sọ. "Ẹ kọ ọ́ pé, ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni yín, àbí àlejò?"

"Ṣé kò ní bí wọn nínú?"

"Ta ni inú máa bí? Àlejò la máa ń gbé àga fún."

"Kò sí wàhálà," ni Ọ̀gá wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dìde. Ó yẹ kí Ògbufọ̀ gbé ìwé ìlànà náà padà, kó kà á já láti ojú ewé kìíní. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ó wo bí ìwé náà ṣe ga tó lórí tábìlì, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó gba ilé lọ.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó mọ ìdí tó fi wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí i ló rò. Ó rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi ìyá òun ní ìbéèrè yìí, kí ọ̀rọ̀ náà má gún un.

Mọ́mì kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà, kò sì níwèé. Ìgbà tí Ògbufọ̀ bí ìbejì ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè é láti òkèèrè pé kó wá bá wọn gbọ́mọ. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Àwọn ọmọ ń ṣàìsàn, bí ọ̀kan bá gbádùn, èkejì á bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìgbélùú ṣe kú mọ́ ìyá lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa tún un ṣe. Oṣù tó ń bọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù wọlé. Àwọn ìbejì ti di géńdé báyìí, wọ́n ti kó lọ sílé tiwọn, ìwé náà ṣì wà bó ṣe wà. Fóònù tí Mọ́mì ń lò, orúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Káàdì tó fi ń lọ fọ egbò ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, orúkọ Ògbufọ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Ìyá Ìbejì, ká má ka Mọ́mì mọ́ wa," ni ọkọ rẹ̀ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. "Ká ní èèyàn méjì là ń gbé ibí. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìkànìyàn."

"Bàbá Ìbejì, ẹ má fi ṣàwàdà. Òfin ní ohun tí a bá sọ, wọn ò gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo túmọ̀ ibẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

"Àwọn tó kọ òfin náà ṣì ní bírò lọ́wọ́. Èmi ni mò ń wakọ̀ káàkiri ìlú yìí, èmi ni mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú wa lẹ́yìn ọkọ̀. Tí wọ́n bá wá gbé Mọ́mì lọ ńkọ́? Ní ọjọ́ orí wọn yìí? Ta ló kù fún wọn níbi tí wọ́n ti wá?"

Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí wọ́n ṣe níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn.

Mọ́mì ló dá sí i. Ìdí tábìlì ló ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, àyà ṣẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. "Ẹ ti sọ ọ́ tán?" ni ó wí. "Èmi tí ẹ ń sọ̀rọ̀ mi, mo wà níbí o. Mo lẹ́nu."

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n kà mí." Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Mi ò ní kí wọ́n fún mi níwèé. Mi ò ní kí wọ́n kọ́lé fún mi. Kí wọ́n ṣáà kà mí. Bí mo bá kú lónìí, kò sí ibì kankan nílùú yìí tí wọ́n ti máa rí i pé mo gbé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn gbogbo ìdí ọmọ tí mo nù? Tí wọ́n bá wá, tí ẹ ní èèyàn méjì lẹ jẹ́, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn nípa ṣẹ́ẹ̀tì yìí? Ṣé ẹ máa ní fúnra ẹ̀ ló ń lọ ara ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ Ògbufọ̀, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ó bọ́. Ó nu ojú, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Mọ́mì. Bí ẹ bá ti wí."

"Wọ́n máa kà yín," ni Ògbufọ̀ sọ. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ìkànìyàn kan àdúgbò wọn, ibi iṣẹ́ ni Ògbufọ̀ wà, ó ń gbé fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣìnà, àwọn tí ajá lé, àwọn tí bírò wọn gbẹ. Ọkọ rẹ̀ kò lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun ló dúró ti Mọ́mì. Nígbà tí Ògbufọ̀ fi máa délé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò tilẹ̀ wo iwájú, ó kàn ti ilẹ̀kùn wọlé ni.

Mọ́mì ló pàdé rẹ̀. Aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀, kò tíì bọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Wọ́n ti kà mí!" ni ó wí. "Jókòó kí n sọ fún ọ. Obìnrin kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó gbọ́ èdè wa dáadáa, bàtà ń ta á lẹ́sẹ̀, mo ní kó bọ́ ọ. Màámi ló ń pè mí. Ó bi mí lọ́jọ́ orí, mo ní kó kọ ọgọ́rin ọdún, ó ní mi ò jọ ọ́ rárá. Ẹ gbọ́ ẹlẹ́nu dídùn! Ó wá ní, 'Màámi, ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni yín, àbí àlejò?' Àyà mi já, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo wò ó lójú, mo ní, 'Àlejò ni mí.' Ó ní, 'Ẹ ṣé gan-an ni, Màámi.' Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó parí! Ìyẹn ni ẹ fi ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yìí?"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́ báyẹn gbẹ̀yìn. Ó dìde kó lọ bu omi mu, ó bá ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o wo ara ilẹ̀kùn bó o ṣe ń wọlé?" ni ọkọ rẹ̀ bi í, kò wẹ̀yìn.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Lọ wò ó."

Ó jáde. Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ilé tí wọ́n bá ti kà. Wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà ilé sí i, wọ́n wá kọ iye èèyàn. Èèyàn méjì.

"Gbàrà tí Mọ́mì pe ara wọn ní àlejò," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí Ògbufọ̀ padà sí kíṣìnnì, "obìnrin yẹn ṣí ìwé ìlànà, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fa igi lé orúkọ wọn. Mo tẹ̀ lé e dé ìta, mo bi í. Ó ní àlejò kò sí nínú kíkà, ilé tí wọ́n ti wá ni wọ́n ti máa kà wọ́n."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Mo dákẹ́." Ó nu ọwọ́. "Ká sòótọ́, Ìyá Ìbejì, ọkàn mi balẹ̀. Mọ́mì sọ ohun tó wù wọ́n, orúkọ wọn sì ti kúrò nínú kíkà. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é."

Ọlọ́run kọ́. Ògbufọ̀ mọ ẹni tó ṣe é. Ojú ewé kìíní ìwé ìlànà, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ẹni tí wọ́n máa kà àti ẹni tí wọn kò ní kà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹ má ṣe ka àlejò mọ́ onílé. Ẹni tó wá kí wọn tó sùn mọ́jú ló ń sọ. Àlejò náà ló tún wá mú fún ẹni tí kò níwèé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ó fi sójú méjì, kò sì sẹ́ni tó rí i, torí òun nìkan ló lè rí i, òun sì ni ó rẹ̀ tí kò lè ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́mì nìkan kọ́ o. Gbogbo àgbàlagbà tó gbójúgbóyà ní àdúgbò yẹn, tó ṣílẹ̀kùn, tó sọ òtítọ́, wọ́n ti fa igi lé wọn lórí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbádùn.

Bó ṣe dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín ló bá lẹ́nu Ọ̀gá. "Màdámù Ògbufọ̀! Ẹ wá wò ó! Àwọn àdúgbò tó ń sọ èdè yín ti ń wọlé, kò sí ẹyọ àlejò kan ṣoṣo níbẹ̀. Òfo! Àwọn tó wà lókè dúpẹ́ títí lórí fóònù. Gbogbo ariwo tí a pa, lásán ni."

"Ọ̀gá, wọ́n wà níbẹ̀. Wọn ò kà wọ́n ni." Ó ṣàlàyé. Ó ṣí ojú ewé kìíní, ó ṣí ibi tí ìbéèrè wà, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó ní òun ni òun ṣe àṣìṣe náà, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun tó bá yá, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ padà.

Ọ̀gá wo ọ̀rọ̀ méjì tí kò lè kà. Ó gbé ìwé náà dé. "Kò sí wàhálà," ni ó wí.

"Wàhálà wà!" Ògbufọ̀ kò mọ ìgbà tó pariwo. "Wàhálà wà, ọ̀gá! Èèyàn ni wọ́n!"

Oníṣirò ló fà á lápá lọ sí kọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ rò pé yóò gbè é lẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìwọ? Ìwọ tó o gbá tábìlì títí ọwọ́ ẹ fi wú?"

"Ẹ fara balẹ̀ rò ó. Bí a bá fẹ́ padà lọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó orúkọ gbogbo ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àlejò jọ, ilé pẹ̀lú ilé. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó wà lórí tábìlì ọkùnrin yẹn? Báyìí tí wọ́n ṣe wà yìí, ta ló fẹ́ wá wọn? Ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọn ò lè gbé e."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Bọ́ọ̀sì tó o ń pariwo lé lórí ńkọ́?"

Oníṣirò wo ilẹ̀. "Wọn ò ní pọ̀ tó," ni ó wí. "Mo mọ̀."

Bí ìjà ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Ọ̀gá àti Oníṣirò tí kì í kí ara wọn, nígbà tó di ọ̀sán, inú kẹ́tùlù kan náà ni wọ́n ti ń bu omi tíì. Ọ̀gá ti bi ìbéèrè rẹ̀, Oníṣirò kò sì rí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí tábìlì Ọ̀gá. Ògbufọ̀ wá ìbínú nínú ara rẹ̀, ó wá a tì, àárẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀. Àánú Oníṣirò tilẹ̀ ń ṣe é, torí kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà ti kùnà.

Nígbà tó délé, Mọ́mì wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ìbejì, ó ń sọ ìtàn tíṣà àti bàtà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ Ògbufọ̀ fi ojú bẹ̀ ẹ́ láti ibi tó jókòó sí. Ó yé e. Kí ló máa ná an bó bá dákẹ́? Inú ìyá ń dùn. Ìyá ti dàgbà. Ta ló máa sọ fún un?

Mọ́mì gbé fóònù sílẹ̀. "Wá ná," ni ó wí, ó di Ògbufọ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́bí yìí, kí ni wọ́n kọ sí i? Èdè wọn ni, kò hàn sí mi. Kà á fún mi."

Ògbufọ̀ ka ọjọ́. Ó ka nọ́ńbà ilé. Ó dé ibi iye èèyàn, ó dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni láti sọ ohun tí wọ́n kọ di ohun tí èèyàn gbọ́. Bó bá sọ mẹ́ta, mẹ́ta náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa já irọ́ rẹ̀.

"Méjì ni wọ́n kọ, Mọ́mì," ni ó wí.

Mọ́mì wò ó. "Méjì," ni ó wí. "Èmi àti ta ni?"

Ògbufọ̀ bú sẹ́kún níbẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn, níwájú ìta. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ẹkún, ó sọ ti ojú ewé kìíní, ó sọ ti ìbéèrè, ó sọ pé wọn kì í ka àlejò. Mọ́mì gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ta ló kọ àlejò yẹn síbẹ̀?" ni ó bi í.

"Èmi ni, Mọ́mì. Mo wá èyí tó rọ̀ jù lọ. Mi ò fẹ́ kó dùn yín."

"Kò dùn mí," ni Mọ́mì wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa, níbi tí etí rẹ̀ ti fẹ́ ṣí. "Bí obìnrin yẹn ṣe pè é, ó dùn lẹ́nu ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń kí mi káàbọ̀ ni."